Àbàjà Tí Mo Nù Kúrò Lójú Bàbá Gbénró

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù fòtókópì Ọ̀gá Lásísì l'Adjamé, ní Abidjan, ní 1999, kò bi mí bóyá mo mọ̀wé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Félisí, tí wọ́n bá ní kó o ṣe nǹkan, ṣé o lè ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó o ṣe é, kó o má fi tìẹ kún un?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Irọ́ gbuu ni mo pa. Ìyá mi a máa sọ pé tí wọ́n bá rán mi ní iyọ̀, màá ra ata mọ́ ọn.

Ará Àjàṣẹ́ ni ìdílé wa, ìyẹn Porto-Novo. Bàbá bàbá mi ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé, òun ló kó wa dé Abidjan. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n tó bá ti kan nọ́ńbà tàbí ọjọ́, Faransé la máa ń bọ́ sí. Ọmọ Èjìgbò paraku ni Ọ̀gá Lásísì ní tirẹ̀. Tí mo bá ní, "Ọ̀gá, quarante copies," á ní, "Ogójì ni wọ́n ń pè é nílé wa." Màá kàn rẹ́rìn-ín ni. Ta ló fẹ́ máa ka ogójì nígbà tí quarante wà nílẹ̀?

Dúdú àti funfun nìkan ni ẹ̀rọ fòtókópì wa mọ̀ nígbà yẹn. O máa da ojú ìwé dé orí gíláàsì, iná á sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú tí à ń pè ní tónà á lẹ̀ mọ́ ibi tí lẹ́tà wà, ooru á wá yan án mọ́ ìwé náà. Ọ̀gá lè jókòó síta, láàárín ariwo àwọn tó ń pèrò sínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tiwa, kó sì pariwo wọlé pé, "Félisí, ìwé méjì ló wọlé pa pọ̀ yẹn!" Bó bá ṣe wí náà ló máa ń rí. Etí rẹ̀ nìkan ló fi ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Òfin kan ló ní: "Ìwé oníbàárà, bó ṣe wá ni kó ṣe lọ." Mo ti rú u kí oṣù àkọ́kọ́ tó pé. Ọkùnrin kan mú ìwé kan wá, mo rí i pé wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, mo bá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, mo kọ èyí tó tọ̀nà, mo ṣe kópì rẹ̀. Mo rò pé mo ṣe é lóore ni. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, inú ń bí i. Bí wọ́n ṣe ṣi í kọ yẹn náà ló wà lórí káàdì rẹ̀, ọ́fíìsì tó kó ìwé lọ sì ti lé e jáde. Ọ̀gá ní kí n lọ bá a ṣàlàyé fún wọn. Oòrùn ọjọ́ yẹn, mi ò gbàgbé rẹ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ayé fòtókópì yí padà. Ẹ̀rọ tuntun kì í kàn da nǹkan kọ mọ́. Á ka ìwé náà, á fi í pa mọ́ sínú, á wá tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tó o bá fẹ́. Ó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tónà mẹ́rin ló sì ń lò: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Gbogbo àwọ̀ ayé, inú mẹ́rin yẹn ni wọ́n ti ń yọ. Owó tí Ọ̀gá ń tù jọ láti fi kọ́lé sí Èjìgbò ló fi ra ọ̀kan tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òyìnbó. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí Siporex, ní Yopougon, ó gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀, ó sì fi èmi ṣe olórí ibẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó lè yí nǹkan padà," ó ní, "ẹ̀rọ tó lè purọ́ ni."

Èmi ní tèmi, ijó ni mo fẹ́ jó. Mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí gbogbo Siporex fi ń pè mí ní Docteur Photo. Ẹni tó bá fẹ́ kóòtù, màá wọ̀ ọ́ fún un nínú àwòrán. Mékáníìkì kan tilẹ̀ wá tó ní kí n fún òun ní kóòtù, táì, àti ikùn tó kéré díẹ̀. Mo ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ṣé mo lè ṣe ikùn yẹn lójú ayé.

Ibi tí orí mi wú dé nìyẹn nígbà tí Ìyá Gbénró wọlé ní ọjọ́ Tuesday kan.

Opó ni. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Gbénró, tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ l'Adjamé, ti kú, Saturday ni wọ́n máa sin ín láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú igba, pẹ̀lú àwòrán ńlá kan tí wọn yóò gbé síwájú pósí. Inú àpò ìkówó ọkùnrin ló ti yọ fọ́tò náà. Dúdú àti funfun ni, ó ti gbó, ó ti ká sí méjì, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, òun nìkan ṣoṣo la ní o," ó ní. "Ọkọ mi kórìíra fọ́tò. Tí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà jáde níbi àríyá, ilé ìtọ̀ ló máa ń lọ. Kí ojú ẹ̀ ṣáà hàn dáadáa. Ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó ń bọ̀, ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tó ti rí i kẹ́yìn."

Mo ní, "Y'a pas drap, Màmá." Ohun tí àwa ọmọ Abidjan máa ń sọ nìyẹn tá a bá fẹ́ sọ pé kò séwu. Ewu wà. Èmi ni ewu náà.

Mo kọ́kọ́ kà á sínú ẹ̀rọ, mo wá ṣí sẹ́lótéèpù iwájú kúrò kí n lè tún kà á, kó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí gíláàsì. Ó bó ara fọ́tò kúrò níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Mo sọ fún ara mi pé mo ṣáà ti kà á sínú ẹ̀rọ ná. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ojú bàbá náà kún fún ìlà: ibi tí fọ́tò ti ká, ibi tó ti ha, ibi tó ti sán. Mo mú irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní tampon, tó máa ń bu ara láti ibì kan lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, mo ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi àwọ̀ sí i, ó wá di ọkùnrin dúdú dídán, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Mo tẹ enregistrer láti fi í pa mọ́, mo sì fi tuntun bo àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Mo tẹ igba jáde, pẹ̀lú àwòrán ńlá náà. Mo ń kọrin.

Ní Thursday, Ọ̀gá wá yẹ ẹ̀rọ wò, ojú rẹ̀ ló sì ṣe nígbà tí Ìyá Gbénró dé. Obìnrin náà mú ìwé kan, ó wò ó, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Félisí, ta nìyí?"

"Bàbá ni, Màmá."

"Ọkọ mi kọ́ nìyí. Àbàjà ẹ̀ dà?"

Mo ní, "Àbàjà kí ni?"

Ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́tùn-ún, lósì. Ilà mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n bù sójú ọkọ rẹ̀ ní kékeré, èmi sì ti kó wọn pọ̀ mọ́ ibi tí fọ́tò ti ha, mo nù wọ́n nù. Kì í ṣe pé mi ò rí ilà ojú rí, àwọn àgbàlagbà tó ní in kún Adjamé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nílé wa tó ní in, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá. Ohun tí mo rí ni nǹkan tó bàjẹ́, tí mo lè tún ṣe.

"Ikú mú un lọ," Ìyá Gbénró ní, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, "ìwọ wá nu ojú ẹ̀ rẹ́. Kí ni ọmọ mi fẹ́ wá wò?"

Ọ̀gá ní, "Gbé èyí tó kà lákọ̀ọ́kọ́ jáde." Mo ní kò sí mọ́. Ó ní, "Fọ́tò fúnra rẹ̀ ńkọ́?" Mo gbé e fún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti di funfun báláú, ẹ kò lè mọ ilà yàtọ̀ sí ibi tó sán lápá ọ̀tún. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún opó náà lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí èmi náà kúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó gbá mi létí ni, ìbá sàn fún mi.

"Màmá, ẹ bá wa dárí jì í," ó ní. "Ẹ gbọ́, nílé wa, bí wọ́n bá ṣe bu ilà fún ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń bù ú fún àbúrò. Ṣé wọ́n ní àbúrò níbí?"

Ó ní in. Ní Friday, Bàbá Wàhídì dé láti Gonzagueville, níbi tó ti ń ránṣọ létí òkun. Mùsùlùmí ni ní tirẹ̀.

"Gbaka mẹ́ta ni mo wọ̀," ó ní, "mo sì gbọ́dọ̀ débi Jímọ̀. Èwo nínú yín ló fọ ojú ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí? Ọwọ́ ẹ mọ́ o!"

A fi kámẹ́rà kékeré wa yà á. Kò dára: ojú rẹ̀ ti hun jọ, àbàjà náà sì ti kó sáàárín ìhunjọ. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀gá wo ẹ̀rọ, ó wo bàbá náà, ó ní, "Félisí, kí ni iṣẹ́ wa?"

Mo ní, "Kópì."

"Ṣe kópì nígbà náà."

Bí a ṣe ní kí Bàbá Wàhídì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gíláàsì nìyẹn. Ó bọ́ fìlà, ó di ojú pinpin, ó ní "Bisimilláì," ó bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀. Mo fi aṣọ ìnura bò ó lórí. Iná kọjá.

"Ẹ má yan mí o!" ló ń pariwo lábẹ́ aṣọ. "Ẹja kọ́ ni mí!"

Ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Gíláàsì tẹ ìhunjọ náà pẹrẹsẹ, àbàjà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jáde kedere. Mo bù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn sójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo fi àwọ̀ ibẹ̀ pò wọ́n. Mi ò kọrin kankan. Nígbà tí Ìyá Gbénró dé, mo yí kọ̀ǹpútà sí i.

Ó wò ó pẹ́. "Ó kù díẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì. Tiẹ̀ kúrú. Ó ní nígbà tí olóólà dórí ìyẹn, òun já mọ́ ọn lọ́wọ́, òun sá wọ oko àgbàdo."

"Òótọ́ ni!" Bàbá Wàhídì fò dìde. "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi di èmi mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tó kàn mí! Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo jẹ!"

Ìyá Gbénró rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omi lójú. Ó gbé ìka lé ojú kọ̀ǹpútà. Mo ń dín ilà náà kù, ó ń sọ fún mi: "Dín in. Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ báyìí. Dúró."

Mo dúró. Obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń kí i lójoojúmọ́ tó bá ti ọjà dé.

"Bàbá Gbénró," ó ní, "ẹ káàbọ̀."

Bàbá Wàhídì ló kọ́kọ́ rántí pé Jímọ̀ ń lọ.

Mo tún igba yẹn àti àwòrán ńlá náà tẹ̀ látòkè délẹ̀, mo sì ń wo ojú lórí ìwé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, mo ní, "Ọ̀gá, mo tún fi nǹkan kún un lónìí o."

Ó ní, "Ohun tó jẹ́ tiwọn lo dá padà fún wọn. Fetí sílẹ̀, ìwé fẹ́ há."

Ó há lóòótọ́. Ó kúkú gbọ́ ọ.

Ọ̀gá Lásísì ti fẹ̀yìn tì sí Èjìgbò báyìí. Ẹ̀rọ yẹn náà ló padà kọ́lé fún un, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù Siporex lé mi lọ́wọ́. Mo ní òṣìṣẹ́ méjì, wọ́n mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú ẹnì kan kí ẹbí rẹ̀ tó jókòó tì í, kó sì sọ ohun tí a ó nù àti ohun tí a ó fi sílẹ̀. Ó ń gba àkókò. Àwọn oníbàárà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀.

Ní 2011, nígbà tí ìjà ìbò parí tí ìlú tún rọlẹ̀, Bàbá Wàhídì wọlé pẹ̀lú agbádá funfun. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò tòun sílẹ̀ de ọjọ́ ikú òun, kí òun fojú ara òun rí i kó tó di pé Docteur Photo tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Mo yà á, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà. "Bàbá, kí ni kí n nù?"

"Nu ìhunjọ. Tó o bá rí eyín, fi sí i. Àmọ́ tèmi pé mẹ́fà, mi ò já mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kà á."

Mo gbé ìka lé ojú rẹ̀ níbẹ̀, láti apá ọ̀tún lọ sí òsì, mo sì kà á sókè, ní Yorùbá: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà.