Èékánná Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi yìí ṣe, kí ẹ má baà tún máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí fídíò náà. Ẹ ti rí bàbá arúgbó kan nínú pálọ̀ kan ní Baṣọ̀run, tó ń ta jìtá tí ohùn rẹ̀ ò jáde. Ẹ ti fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ kọ ọ́ pé kì í ṣe òun ni Ìṣọ̀lá Oníjìtá tó máa ń wà lórí tẹlifíṣàn láyé àtijọ́, pé ayédèrú ni wọ́n gbé wá.

Pálọ̀ mi ni. Bàbá mi ni. Òun gan-an sì ni! Èmi ni mo ba ọjọ́ náà jẹ́.

Bàbá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ràn fún oṣù mẹ́ta. Mi ò gbọ́ràn mọ́.

Tíṣà ni mí. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan ní Bódìjà. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, lórí ìlà, èmi ni mo máa ń yẹ èékánná wò. "Ẹ na ọwọ́ síta!" Èyí tó bá gùn, mo ti mú nélì kọ́tà lọ́wọ́, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń gé e. Bí ẹ bá pàdé mi ní Dùgbẹ̀, tí ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, èékánná yín ni mo kọ́kọ́ máa wò. Kì í ṣe ẹjọ́ mi mọ́, ó ti wọ̀ mí lára.

Nípa bàbá mi, akọ̀wé ìjọba ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì, ó sì fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n tó bí mi ló ti máa ń ta jìtá lórí tẹlifíṣàn. Ìyá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà tòótọ́, ni kò fẹ́ iṣẹ́ jìtá yẹn. Màmá ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ìyàwó oníjìtá. Bàbá ò bá a jà. Ó kó jìtá sínú àpótí, ó gbé e lọ fún àbúrò rẹ̀ ní Challenge, ó sì dákẹ́. Ẹ gbọ́ o, láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ kí ó ta á rí!

Nígbà tí Màmá kú, mo mú Bàbá wá sọ́dọ̀ ara mi ní Baṣọ̀run. À ń gbé pọ̀ jẹ́jẹ́. Àfi ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan pè mí. Dámiláre ló ń jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni, Agbowó ló ń gbé. Ó ní ẹnì kan rí àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn níbi tí wọ́n kó wọn dà sí, ó sì gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn tó fẹ́ràn Bàbá ti pọ̀ dé ibi pé wọ́n ti dá gúrúùpù sílẹ̀, òun sì ni olórí rẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni Daddy ṣì wà láyé.

Fídíò márùn-ún ni, dúdú àti funfun ni gbogbo wọn. Bàbá mi jókòó nínú sítúdíò, kọ́tìnnì ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé búlọ́ọ̀kù kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ta ohùn ìsàlẹ̀, àwọn ìka yòókù ń kọ orin lókè, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan láti Ìlọrin kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ-ọmọ òun kì í sùn àfi tó bá gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan lókè òkun ní òun ti fi ọdún kan kọ́ ìṣẹ́jú kan péré nínú rẹ̀, òun ò tíì rí i mú. Ìjà tilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀! Àwọn kan ní èèyàn kan kò lè dá irú ìyẹn ta, pé ẹlòmíràn ló sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì tó ń bá a ta á.

Ṣé èmi náà wò ó? Ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Mi ò wò ó tó ìṣẹ́jú kan. Mo rí i pé bàbá mi rẹwà nígbà èwe, mo rẹ́rìn-ín, ọbẹ̀ ń jó lọ lórí iná, mo pa fóònù.

Dámiláre wá kí Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ wá sílé, àwọn bí ogún, kí Bàbá bá àwọn ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé Bàbá máa kọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó wá ní, "Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́rin."

Oṣù mẹ́rin! Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi oṣù mẹ́rin ṣe, ṣé ó fẹ́ kọ́ ilé ni? Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ bá òun gbé jìtá wá láti Challenge, ó sì lọ fúnra rẹ̀ sí Dùgbẹ̀ lọ ra okùn tuntun. Láàárọ̀, tí mo bá ti lọ sílé ìwé, ni ó máa ń ta á. Aládùúgbò wa ló ń sọ fún mi pé Bàbá ń dá àwọn lára yá. Kí n tó dé ní aago mẹ́rin, ó ti dá a padà sínú àpótí. Lọ́jọ́ kan mo ní kí ó ta díẹ̀ kí n gbọ́.

Ó ní, "Ní sùúrù, Àdùkẹ́. Mo fẹ́ kó dùn tán kó o tó gbọ́ ọ."

Ohun kan tún wà tó yẹ kó là mí lójú. Ẹ mọ àwọn Mọ́là tó máa ń kiri àdúgbò, tó ń fi sísọ́ọ̀sì ró wàìwàì, tó ń gé èékánná fún àwọn èèyàn? Ọ̀kan dé ẹnu géètì wa ní Sátidé kan. Bàbá pè é, ó na ọwọ́ òsì sí i. Mọ́là gé e tán, ó ní kí ó mú ọ̀tún wá. Bàbá kàn mi orí pé ó tó. Ó sanwó, ó wọlé. Èmi wà níbẹ̀, mo ń fọ aṣọ, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣahun owó ọwọ́ kan.

Èmi tí mo ń yẹ èékánná wò! Mi ò béèrè ìdí tí òsì fi kúrú tí ọ̀tún sì gùn.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, wọ́n fi ìpàdé náà sí ọjọ́ Sátidé. Ní Fúráìdè, mo tètè dé. Mo fọ kọ́tìnnì, mo nu ilẹ̀, mo lọ aṣọ àrán rẹ̀. Bàbá ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sùn lọ lórí àga nínú pálọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan. Mo wo èékánná náà, ó gùn, ó le, ó ti pọ́n díẹ̀. Mo rántí kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé bọ̀. Mo rántí pé gbogbo ayé ló máa rí ọwọ́ yẹn. Kí ni wọ́n máa sọ? Pé tíṣà tó ń gé èékánná ọmọ ọlọ́mọ ní Bódìjà, bàbá tirẹ̀ rí bí ẹni tí kò ní ẹbí.

Mo mú nélì kọ́tà nínú báàgì mi. Mo gé e. Márààrún! Mo tilẹ̀ fi fáìlì fá a kí ó lè dán.

Ìka tó gbẹ̀yìn ni mo wà tó fi la ojú. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó. Ó fi àtàǹpàkò ra orí àwọn ìka yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo bí ọwọ́ yín ṣe mọ́!"

Ó ní, "O ṣeun, Àdùkẹ́."

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ okùn jìtá kan, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ tí ó pa àpótí dé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo padà sí ìdí ọbẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé. Ìyá Ìlọrin yẹn ti dé láti àná, ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri wá, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ wo ti àtijọ́. Mo gbé tíréè ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti kíṣìnnì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ibi tí kámẹ́rà ti sún mọ́ ọwọ́ Bàbá, Dámiláre dá fídíò dúró. Gbogbo ilé hó.

"Ẹ wo èékánná yẹn!" Ó ń fi ìka tọ́ka sára ògiri. "Àwọn yòókù ń fi píìkì ta okùn, Daddy kì í lò ó o. Èékánná yẹn ni gbogbo ẹ̀! Òun ló ń jẹ́ kí okùn sọ̀rọ̀. Tó bá yọ ọ́, it's just ẹran ara lórí wáyà, ohùn ò ní jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé tíréè náà kalẹ̀. Mo wo Bàbá. Ó ti fi apá aṣọ bo ọwọ́ ọ̀tún. Òun náà ń wò mí. Ó mi orí sí mi, díẹ̀ báyìí. Kí n má sọ̀rọ̀.

Bí Dámiláre ṣe fẹ́ gbé jìtá lé e lọ́wọ́ ni ó rí i. Ó yà á lẹ́nu. "Ah! Daddy, èékánná yín ńkọ́, sir?"

Bàbá mi ní, "Èmi ni mo gé e. Ó ń dà mí láàmú."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. Kí ló dé tí mi ò là á? Ojú àlejò ni.

Ó ta á. Àwọn ìka yẹn mọ ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún fídíò náà wò, ẹ wo ìka, ẹ má gbọ́ ohùn! Kò ṣi ibì kan tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn náà kú, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, orí ìka rẹ̀ pọ́n. Ó ta á dé òpin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí a ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó gbàgbé àkọ́sórí lọ́jọ́ ìparí táàmù. Ìyá Ìlọrin kí i pé ẹ kú ọjọ́ ogbó. Wọn ò mu ọtí tán tí wọ́n fi ń wo aago.

Bí mo ṣe gbọ́ jìtá bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀. Mo sunkún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pariwo mọ́ mi ní Fúráìdè, kí ló dé tí ó purọ́ lórí ara rẹ̀.

Ó ní, "Kí n wá dójú tì ọ́ láàárín wọn? Àwọn á lọ, èmi àti ìwọ la jọ ń gbé." Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó fata sẹ́nu, èmi ni o.

Mo pe Dámiláre lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé kí wọ́n tún fún wa lọ́jọ́ míràn. Ohùn rẹ̀ rọ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn èèyàn nínú gúrúùpù ń bínú pé Bàbá mọ̀ pé àwọn ń bọ̀, ó sì gé èékánná, pé kò ka àwọn sí. Ó ní wọ́n ti pinnu pé àwọn á kúkú máa wo ti àtijọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọkùnrin inú tẹlifíṣàn ni wọ́n fẹ́ràn. Èyí tó ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nílé mi, wọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń ráhùn? Wọ́n wo fídíò náà lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ò wò ó tó ìṣẹ́jú kan.

Bàbá ṣì ń jẹ́ kí èékánná ọwọ́ ọ̀tún hù. Mo ń ṣọ́ ọ lọ́sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tí wọ́n yà nílé wa pé ayédèrú ni, pé oníjìtá gidi kò jẹ́ gé èékánná láéláé, pé ẹni ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ń ta á láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rọ́ wá, wọ́n ní òótọ́ ni. Bàbá mọ fóònù mi lò. Ó kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ó pè mí sí pálọ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi bí àwọn ọmọ mi lórí ìlà. Ó ní, "Tíṣà, bá mi gé e. Ọ̀la ni Mọ́ńdè."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní ó ń ha òun lára, kí ni òun tún fẹ́ fi ṣe? Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níwájú mi, kò kó o kúrò. Mo gé e. Mo fi ti àtàǹpàkò sílẹ̀, mo dìde, mo ṣe bí ẹni pé mo ti parí.

Ó ní, "Ó ku ọ̀kan."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà yín kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ wo ohun tí bàbá yín mọ̀ ọ́n ṣe títí dé òpin, ọbẹ̀ tó bá fẹ́ jó kó jó. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, tí ẹ fi ọwọ́ ìfẹ́ ba nǹkan òbí yín jẹ́, ẹ kọ ọ́ síbí, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kọ ayédèrú, ẹ kọ́kọ́ lọ pa á rẹ́. Ó ṣì ń gba fóònù mi láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, láti wò ó bóyá ẹ ti pa á rẹ́.