Bí Ìyá Débọ́lá Ṣe Mọ Oúnjẹ Tó Bá Ọtí Faransé Mu

Láti ọjọ́ tí Ìyá Débọ́lá ti ṣe ìrìbọmi, ọgbọ̀n ọdún rèé, ọtí kò kan ahọ́n rẹ̀. Ó búra níwájú ìjọ ni, mo sì wà níbẹ̀. Omidùn ògì gan-an, tó bá ti di ọjọ́ kẹta, kì í mu ún mọ́. Ó ní ó ti ń múra àtidi ọtí.

Òun ni alásè ilé àlejò Adétúnjí ní Ìsẹ́yìn níbí, níbi tí àwọn tó ń lọ gun òkè Adó-Àwáyè máa ń sùn. Lọ́dún tó kọjá, Adétúnjí gbé ìgò ọtí wáìnì funfun kan síwájú rẹ̀. Wọ́n kọ Muscadet sí i lára.

"Ìyá Débọ́lá, àwọn òyìnbó Faransé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Irú ọtí tí wọ́n máa mu rèé, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ mọ oúnjẹ tó máa bá a mu. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá wá alásè láti Ìbàdàn."

"Kí èmi tọ́ kí ni wò? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ṣùgbọ́n kò ní fi ìdí ààrò rẹ̀ sílẹ̀ fún ará Ìbàdàn. Ó ránṣẹ́ pe Ládòkun, ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí kò sí ilé ẹlẹ́mu tí wọn ò ti mọ ohùn rẹ̀. Ládòkun jókòó sórí àpótí, ó gbá ife mú. Wọ́n gbé ẹ̀gúsí tó ta síwájú rẹ̀.

"Báwo ni?"

"Ó dáa gan-an. Ẹ bù sí i."

"Oúnjẹ ni àbí ọtí?"

"Èwo ló wà nítòsí yín?"

Wọ́n gbé dòdò wá. Ó ní ó dáa. Iṣu sísun ńkọ́? "Òun náà dáa, àmọ́ kò tíì dá mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Ìyá Débọ́lá rí i pé ẹnu yìí kò ní sọ òótọ́ títí ìgò yóò fi gbẹ. Ó bá fi ẹnu sílẹ̀, ó ń ṣọ́ ọwọ́. Lẹ́yìn ẹ̀gúsí, omi ni ọwọ́ Ládòkun sáré mú. Lẹ́yìn dòdò, ojú rẹ̀ sún kì bí ẹni tó lá ọsàn kíkan. Ó wá gbé ẹja odò Ìkèrè tó fi iyọ̀ nìkan sun fún un, pẹ̀lú wàrà tútù tí àwọn Fúlàní gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ lọ sí ẹja, ó lọ sí ife, ó padà sí wàrà, kò wá omi, ojú rẹ̀ kò sì sún kì.

"Ó tó. Dìde."

"Ìyá Débọ́lá, ẹ̀gúsí yẹn ò tíì dá mi lójú o!"

Nígbà tí àwọn òyìnbó jẹ ẹja àti wàrà náà tán lọ́jọ́ Sátidé, ìyá àgbà kan láàárín wọn dìde, ó tẹrí ba fún Ìyá Débọ́lá, ó sì sọ̀rọ̀. Ṣẹ́gun tó ń mú wọn gun òkè, tó tún ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, túmọ̀ rẹ̀ tagbára-tagbára: "Ó ní ẹni tó bá ti ń mu ún láti kékeré nìkan ló lè mọ èyí!"

Oríyìn ni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé Ìyá Débọ́lá, alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ti ń mutí láti kékeré.

Wọ́n pè é lẹ́yìn ìsìn. Èmi díákónì ni mo darí ìpàdé náà. Bó bá jẹ̀bi, yóò kúrò ní alága, kò sì ní jẹ Oúnjẹ Olúwa fún oṣù mẹ́ta.

"Ẹ ò tọ́ ọ wò, ẹ sì mọ ohun tó bá a mu?"

"Ọwọ́ Ládòkun ni mo wò, Díákónì."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó mú ẹlẹ́rìí wá. Ládòkun dé, ó ti wẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀sùn, inú bí i.

"Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́! Kí ìgò ọtí wà níwájú èmi Ládòkun, kí ẹlòmíràn rí nǹkan mu níbẹ̀? Mo dorí ẹ̀ kodò, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Níbo ni ìyá yìí ti fẹ́ rí ẹ̀kán kan?"

Ta ló máa jiyàn? A dá Ìyá Débọ́lá láre lójú ẹsẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbààwẹ̀ kí Ládòkun lè wọ ilé Ọlọ́run. Ààwẹ̀ ò gbé e wá, ìgò ọtí ló gbé e wá. Mo ṣì ń bi Ọlọ́run bó ṣe jẹ́.

Ládòkun ò tíì lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń wo tábìlì Oúnjẹ Olúwa.

"Díákónì, wáìnì tí ẹ máa ń pín níbí, kí lẹ ń jẹ pẹ̀lú ẹ̀?"

Mo ní búrẹ́dì ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun á wá ní Àìkú tó ń bọ̀, kóun wò ó bóyá wọ́n bára mu.

Mi ò sọ fún un pé sóbò lásán ni wáìnì náà.