Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Tíṣà Dorcas Dà?

Tíṣà Dorcas Adégbóyè kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí agogo ilé-ìwé tó lù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi ò bá dókítà jiyàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í léèrè: obìnrin tí wọ́n kó ọmọ lé lọ́wọ́ bí èrò ọjà Ìpàta, tí etí ọ̀kan di, tí ojú òmíràn ń ṣe bàìbàì, tí òmíràn ò lè jókòó lójú kan àfi bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀, tí wọn ò sì fún un ní olùrànlọ́wọ́ kankan, kí lẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ṣe bí kò bá ru? Kó máa sùn ni?

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ó fi Ìlọrin ṣe ilé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ìpàta ló ti ń ṣiṣẹ́. N ò ní dárúkọ ibẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí mọ ara wọn. Ohùn Tíṣà le débi pé bó bá ní kí kíláàsì ka ìwé, àwọn alápatà ìta á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn. Kò sì sí ọjọ́ tí mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Oníwèé ìròyìn," á ní, "ọ̀rọ̀ ta lo tún fẹ́ fi jẹun lónìí?" Kí n tó dáhùn, ó ti na àkàrà sí mi.

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń sọ pé ìka ò dọ́gba nígbà tí a bá fẹ́ pa ọmọ kan tì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ níwájú Tíṣà Dorcas, yóò ní, "Òótọ́ ni, ìka ò dọ́gba. Èwo lo wá gé sọnù nínú tìẹ?"

Tahir ni ọmọ tí etí rẹ̀ di. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ń gbé e sí, bí àpótí tí ẹnìkan fi síbẹ̀ tí kò padà wá gbé. Tíṣà gbé e wá síwájú. Ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ń kọ́ bí adití ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ́ gbogbo kíláàsì. Bí ọmọ kan bá dáhùn ìbéèrè dáadáa, wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Gbogbo wọn á nawọ́ sókè, wọ́n á máa mì í lẹ́lẹ́, kí Tahir náà lè rí i pé wọ́n ń yin ẹnìkan. Kíláàsì wá dákẹ́ rọ́rọ́. Inú hẹ́dímásítà dùn, kò mọ̀ pé òfófó ni wọ́n ń fọwọ́ ṣe lẹ́yìn òun.

Rodiyah ni ti ojú. Pátákó ìkọ̀wé kò yàtọ̀ sí kùrukùru lójú rẹ̀. Ẹ̀wà ni Tíṣà fi kọ́ ọ ní ìṣirò, kó máa fọwọ́ bà á, kó máa kà á. Ìyá rẹ̀, Màríámù, tó ń ta ẹ̀wà ní Ìpàta, ló ń bù ú wá. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, Tíṣà á kó ẹ̀wà náà sínú ìkòkò, á ní, "Ìṣirò ọ̀sẹ̀ yìí ti jinná o. Ẹ wá jẹ ẹ́." Gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, ó ń ka wọ́n sínú fóònù rẹ̀ fún Rodiyah. Bí wọ́n bá jáde lọ ṣeré, ọmọ náà á gbé fóònù sétí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ tí wọ́n ti ní kó lọ máa bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀wà ti fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama.

Lọ́jọ́ kan, fóònù já bọ́, ó fọ́ yángá. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Èmi kì í bú ìjọba nígbà tó bá ṣe dáadáa: ẹ̀rọ náà dára. Ó ń ka ìwé sétí ọmọ, ó ń sọ lẹ́tà di ràgàjì, ó ń fi àwòrán ọwọ́ han adití. Wọ́n kun yàrá kan fún un, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ wọlé. Hẹ́dímásítà, Ọ̀gbẹ́ni Salahudeen, wá fi àgádágodo tì í.

Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Wọn ò tíì ṣíṣọ lójú eégún rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé láàárín wa mọ òfin yìí, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé òfin kankan. Nǹkan ìjọba kì í di nǹkan àfi tí ẹni ńlá bá gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Omi lè máa jáde nínú bóhólù, kí òùngbẹ máa gbẹ wá, a ó dúró tì í, a ó máa wò ó, a ó máa retí aláṣọ ńlá tó ń bọ̀ wá sọ fún wa pé omi ni.

Ìṣojú mi ni Tíṣà ti bá Salahudeen sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹyọ kan péré, ti Rodiyah. Ìdánwò ti ń wọlé bọ̀."

"Màmá Favour, wallahi, tó bá jẹ́ tèmi ni, mà á ṣí i. Tí àwọn ọ̀gá bá wá dé, tí wọ́n bá ìka ọmọdé lára gíláàsì ńkọ́? Ẹ ṣe sùúrù. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ínṣá Allah."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yín yìí, Ọ̀gá, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ láti Málété ni?"

Salahudeen rẹ́rìn-ín títí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ọ̀gá ìjọba tó fẹ́ wá gé ríbọ́ọ̀nù ti rìnrìn àjò. Wọ́n tún mú ọjọ́, òjò rọ̀. Wọ́n tún mú òmíràn, ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n rà kò bá fìlà ọ̀gá mu. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Tíṣà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó yá fóònù Favour ọmọ rẹ̀, ó ń jókòó sí kíṣìnnì rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ó ń ka gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Ó fún Rodiyah, ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí o kàn tì í bọ inú ẹ̀rọ. Mà á máa bá ọ sọ̀rọ̀." Rodiyah so ó mọ́ etí híjáàbù rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Tíṣà kú.

Háà, ẹ wá wo àwọn èèyàn wa! Ohun tí ẹ̀bẹ̀ ò lè ṣe, òkú ṣe é. Kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ, ọ̀gá ti dé. Òjò kò rọ̀, ìrìn àjò kò sí, ríbọ́ọ̀nù bá fìlà mu. Wọ́n ti kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn: Yàrá Ìrántí Dorcas Adégbóyè. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ dúró. Ọ̀gá ní àdánù ńlá ni, ó ní ìjọba ò ní gbàgbé rẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ gbàgbé rẹ̀ nígbà tó ń pè yín, nígbà tó dákẹ́ lẹ wá rántí?

Àwọn ọmọ rí fọ́tò Tíṣà wọn, gbogbo wọn nawọ́ sókè, wọ́n ń mì í lẹ́lẹ́. Tahir ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tíṣà ni wọ́n ń yìn. Ọ̀gá rò pé òun ni wọ́n ń juwọ́ sí, òun náà bá ń juwọ́ padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, n ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe.

Wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan lé Rodiyah lọ́wọ́ kí wọ́n lè yàwòrán. Ọmọ náà yára tú etí híjáàbù rẹ̀. Ó mú káàdì jáde, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ń wá ẹnu rẹ̀. Ayàwòrán ní, "Ó ti tó." Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà wọlé kí àwọn ọmọ má baà bà á jẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé ọ̀gá sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ kó má baà sọnù.

Màríámù fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi. Ohun tí Rodiyah sọ kò tíì kúrò létí mi: "Bàbá, wọ́n pe Tíṣà wá, wọn ò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí ilé-ìwé bá ti jáde, ọ́fíìsì mi ní Táíwò Road ni ọmọ náà ń bọ̀, a ó ti káàdì bọ fóònù mi. Ìró ìkòkò ń dún lẹ́yìn, ohùn yẹn á sì jáde: "Rodiyah, kó ẹ̀wà rẹ síta. Má tíì jẹ ẹ́ o." Ṣùgbọ́n fóònù kan ò tó kíláàsì kan. Wọn ò fi tíṣà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ náà káàkiri bí ẹrù òkú, Tahir sì ti padà sẹ́yìn kíláàsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, mo ń bi yín ní gbangba. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ni orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn? Tíṣà wo lẹ ń rán bọ̀, kí ìdánwò tó dé? Ẹ fún wa lésì. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn náà, ẹ wá fi kànìnkànìn fọ orúkọ yẹn kúrò lára rẹ̀. Tíṣà Dorcas kò tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kankan rí.