Ìtẹ́ Ẹyẹ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́

Ọdún kejì tí mo dé ilé ọkọ ní Ìkòròdú, nígbà tó ku bí ọdún mẹ́rin kí Nàìjíríà gba òmìnira, ni àbúrò bàbá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun fún mi ní kámẹ́rà. Àpótí dúdú ni, kò ju odindi búrẹ́dì kan lọ. Èèyàn á gbé e mọ́ àyà, á tẹ orí ba wo gíláàsì kékeré tó wà lókè rẹ̀, á sì tẹ irin pẹ́ńpẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́tò mẹ́jọ péré ni fíìmù kan ń gbà. Gbogbo ilé rò pé ọkọ mi ni mo máa kọ́kọ́ yà. Alángbá ni mo yà.

Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju báyìí lọ: ó ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Lásunwọ̀n kì í ṣe ọgbà òyìnbó. Ewúro ló wà níbẹ̀, ìbẹ́pẹ mẹ́ta, làálì tí ìyá ọkọ mi gbìn, àti igbó ṣúúrú kan ní igun tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí. Àmọ́ bí mo bá ti ń wò ó nínú gíláàsì yẹn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí ìkòkò fún mi. Mo ya ìgbín lórí ewé ìbẹ́pẹ. Mo ya labalábá. Lọ́jọ́ tí mo dojú bolẹ̀ láàárín ewúro nítorí agẹmọ kan, obìnrin ilé kejì sáré wọlé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, Tísà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè mí. Ó ní, “Tísà, kí lẹ sọ nù?” Kí n tó lanu, òun náà ti kúnlẹ̀, ó ń bá mi wá a. A wá a títí agẹmọ fi lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ni mo máa ń gbà, kí oòrùn tó gbẹ ìrì. Ẹsẹ̀ mi á rin gbingbin. Oko gbágùúdá á wà lọ́tùn-ún, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lósì, ọ̀sà á sì máa yọjú láàárín igi. Lọ́jọ́ kan mo rí ilé aláǹtakùn kan tó nà láti ẹ̀ka kan dé èkejì, ìrì tò sára rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé kámẹ́rà, àgbẹ̀ kan tó ń kọ ebè nítòsí ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó nu ojú, ó da ẹ̀wù sọ́rùn, ó wá dúró gbọnrangandan síwájú ilé aláǹtakùn náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sún díẹ̀. Ó sún sọ́dọ̀ mi. Fọ́tò tó kù nínú fíìmù kò ju ẹyọ kan lọ, ọkàn mi sì wà lára aláǹtakùn, ni mo bá fi ẹnu dún “káà!” bí ìró kámẹ́rà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí ebè rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Títí dòní ni ojú ṣì ń tì mí.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Bí fọ́tò ṣe rí lójú gbogbo wa nígbà náà nìyẹn. Èèyàn á wẹ̀, á kun pọ́dà, á wọ aṣọ tó ti wà nínú àpótí láti ọdún iléyá. Onífọ́tò á ta aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, á gbé tábìlì kékeré tó ní òdòdó onípépà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kó má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n bá yà ní fọ́tò, wọ́n ti yẹ́ ẹ sí.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ló máa ń wálé, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èèyàn rán níṣẹ́. Ìyàwó mi, bá mi bu omi. Ìyàwó mi, bá mi já ewúro wá. Ìyàwó mi, wá wo ẹ̀yìn mi, kí ló ń yún mi níbẹ̀ yẹn? Mo máa ń kùn sínú nígbà mìíràn. Mi ò mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń rán mi.

Ẹyẹ kékeré kan wá kọ́ ilé sínú igbó ṣúúrú yẹn, ó yé ẹyin méjì. Ojoojúmọ́ ni mo ń yọ́ lọ wò ó. Mo fi fọ́tò mẹ́ta pamọ́ dè é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé mi ò lè dúró mọ́, pé bí mo bá ti ilé ìwé dé lọ́la, ìtẹ́ ẹyẹ ni mo máa yà.

“Ìtẹ́ ẹyẹ?” Wọ́n rò ó díẹ̀. “Ó dáa, ìyàwó mi.”

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, kò sí igbó ṣúúrú mọ́. Wọ́n ti ṣán an, wọ́n ti gbá a, ojú ìgbálẹ̀ hàn lórí ilẹ̀. Àrán pupa ìyá ọkọ mi, tí wọn kì í wọ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún, ni wọ́n ta sórí okùn. Tábìlì pálọ̀ wà níwájú àrán náà, pẹ̀lú aṣọ funfun wa tó dára jù lórí rẹ̀. Lórí aṣọ funfun yẹn ni ìtẹ́ ẹyẹ jókòó sí, ẹyin méjì nínú rẹ̀, òdòdó nínú ife lọ́tùn-ún, òdòdó nínú ife lósì. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ọ̀bẹ gé àwọn koríko tó yọ jáde lára ìtẹ́ náà kó lè gún. Ìyá ẹyẹ wà lókè ìbẹ́pẹ, ó ń ké. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi débi pé mi ò ka ẹ̀rín yẹn sí. Mo pariwo, “Ta ló rán yín níṣẹ́?”

Obìnrin ilé kejì gbọ́. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ń sọ sí ọmọdé tó ń ṣe àṣejù ni mo sọ sí ìyá tó bí ọkọ mi. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ò tiẹ̀ nílò òwe. Ẹyin gan-an ló wà níwájú mi.

Ìyá ọkọ mi ká àrán wọn, wọ́n kó òdòdó kúrò, wọ́n wọlé. Láti ọjọ́ náà, wọn kò rán mi níṣẹ́ mọ́. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń dá mi lóhùn, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí mo bá sè. Àmọ́ wọ́n á bu omi ìwẹ̀ wọn fúnra wọn. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n kọjá lójú mi lọ já ewúro. Bí mo bá sáré lọ gbà á, wọ́n á ní, “Fi í sílẹ̀, Tísà. O ti ṣiṣẹ́ dé.” Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi náà bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́.” Ṣé ẹ mọ “mo ti gbọ́” àgbàlagbà? Kì í ṣe “mo ti dárí jì ọ́.” Ìyàwó tí ìyá ọkọ kì í rán níṣẹ́, àlejò ni nínú ilé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹyẹ náà kò padà sórí ẹyin rẹ̀, èmi náà sì gbé kámẹ́rà kọ́ sára ìṣó.

Nígbà tó di ìsinmi ilé ìwé, ìyá ọkọ mi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ mi sì ní kí n sìn wọ́n lọ. Bí mo ṣe jáde, àwọn ni mo rí pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́. Wọ́n ti nu eruku ara rẹ̀. Wọ́n gbé e fún mi, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè. A gba iwájú Ìjẹ̀dẹ́ kọjá, lékèélékèé ń fò lórí omi, èmi ń wo bàtà mi.

Ilé bàbá wọn kò jìnnà sí omi. Bàbá bàbá wọn wà lára àwọn tó bá ọba wọn kúrò l'Ékòó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, orí omi sì ni wọ́n dàgbà sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ní Ìkòròdú ká ìró sókè, wọ́n wọ ọkọ̀ igi, wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó síwájú. Ẹnu yà mí. Wọ́n ń tukọ̀ bí ẹni ń rìn nínú yàrá ara rẹ̀. A wọ àárín koríko etí ọ̀sà, níbi tí òṣíbàtà ti tẹ́ lójú omi, kí n sì tó mọ̀, mo ti fi méjì nínú fọ́tò mẹ́ta tó kù ya òṣíbàtà.

Wọ́n fi àjẹ̀ nàka sí igi kan tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi. “Ẹyẹ apẹja máa ń bà síbẹ̀ yẹn. Látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń bà síbẹ̀. Jẹ́ ká dúró.”

A dúró. Ìyá tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ya èmi ní fọ́tò láyé mi, lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín. Wọ́n ta aṣọ sẹ́yìn mi, wọ́n gbé òdòdó sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, háà, ṣé èmi ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí fún? Nígbà tó o wá ní o fẹ́ ya ilé ẹyẹ yẹn, mo rí i pé o fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kí n bá ẹ yẹ́ ẹ sí.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ṣì í sọ.”

Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. “Omi ti ń wọlé. Igbá wà lẹ́yìn ẹ yẹn. Bá mi gbọ́n ọn dà nù, ìyàwó mi.”

Mo gbọ́n omi! Mo gbọ́n ọn títí pákó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí wọ́n bá ní kí n gbọ́n gbogbo ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tán lọ́jọ́ náà, ǹ bá bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹyẹ náà fi dé. Ó bà sórí igi, àyà rẹ̀ pọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ aró, ẹnu rẹ̀ gùn ju orí rẹ̀ lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù. Mo rọra gbé kámẹ́rà, mo di èémí mú, mo tẹ orí ba, mo rí ẹyẹ nínú gíláàsì kedere. Ìka mi ti wà lórí irin.

“Òun nìyẹn! Yà á! Yà á!” Ìyá ọkọ mi ni. Wọ́n tiẹ̀ fi àjẹ̀ lu ọkọ̀.

Ìka mi tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ ti lọ.

Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wò mí, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìyá àgbà ń bẹ̀rù ohùn èmi ọmọ àná, ìyẹn sì dùn mí ju ẹyẹ tó lọ. Àmọ́ bí ọwọ́ yẹn ṣe wà lẹ́nu wọn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má dà wá sómi.

Onífọ́tò tó fọ fíìmù náà ní Ìkòròdú ní kí n má bínú, pé òṣíbàtà dára, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ti bàjẹ́: igi kan ṣoṣo láàárín omi, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Èyí yẹn ni ìyá ọkọ mi mú. Wọ́n ní kí káfíńtà ṣe férémù sí i, wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé igi lòun ń bá du ipò.

Kò sí àlejò tó wọlé tí wọn kì í fà dé iwájú rẹ̀. Àlejò á wò ó, á tún un wò, á ní, “Màmá, kí lèyí?”

“Ẹyẹ apẹja ni,” wọ́n á ní. “Èmi ni mo pariwo lé e lọ. Ìyàwó mi ò sì bínú.”