Wáyà Abẹ́ Tábìlì Ọ̀gá

Àyà Olúwakẹ́mi já nígbà tó rí iná suwíìṣì, àpótí tí gbogbo wáyà kọ̀ǹpútà iléèwé wọn ní Savè ń wọ̀. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá dá, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú pa pọ̀, bí ojú ẹni tí yanrìn kó sí. Kọ̀ǹpútà kankan ò bá èkejì sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò ránṣẹ́. Àwọn òbí ti ti Boni àti Ofè nítòsí dé, wọ́n kún ìta fọ́fọ́.

Bàbá Lassissi, ọ̀gá iléèwé, yọjú. "Kẹ́mi, bí èyí ò bá ṣiṣẹ́ kó tó di ọ̀sán, kó ẹrù ẹ máa padà lọ sí Sakété ìlú ẹ."

Ẹ̀rù bà á, irọ́ kọ́. Àbójútó kọ̀ǹpútà yìí ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn tó ti jókòó sílé títí àwọn ará àdúgbò fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú wo ló fẹ́ fi padà lọ bá wọn? Ó ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo iná. Ti yàrá àwọn olùkọ́, rárá. Ti akọ̀wé, rárá. Bó ṣe yọ èyí tó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, iná náà fara balẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, nínú gbogbo yàrá tó wà nílé yẹn, ti ọ̀gá ni!

Ó dá àwọn wáyà tó kù padà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì rọra wọ ọ́fíìsì. Lábẹ́ tábìlì ni àpótí kékeré kan wà, orí méjèèjì wáyà kan náà sì wà nínú rẹ̀.

"Orí kan rọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀," ni Bàbá wí. "Mo tì í bọ ihò tó ṣófo. Mi ò fẹ́ wúruwùru."

Ohun tó dí ọ̀nà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá gba orí kan jáde á gba èkejì wọlé, á máa yí po, á máa pọ̀ sí i, kò sì ní jẹ́ kí ti ẹlòmíràn kọjá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í dójú ti àgbà láwùjọ. Kẹ́mi fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó rọra sọ ọ́.

Bàbá bojú wo ilẹ̀kùn. "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àtẹ̀yin nìkan ni, Bàbá."

Ọkàn Kẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni fóònù dún. Ẹni tó ni iléèwé ló ń pè láti Parakou. Wọ́n ti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Bàbá gbé e, ó ń wo Kẹ́mi lójú.

"Ọmọbìnrin tẹ́ ẹ gbà yẹn ni, ọ̀gá. Òun ló ki wáyà síbi tí kò yẹ." Ó tẹ́tí díẹ̀. "Ó dáa. Á lọ lónìí náà."

Kẹ́mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn olùkọ́ ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.