Àtàǹpàkò Tó Bá Wọn Ṣẹ́gun

Ẹnu ìyá tó bí bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń mú kí apá kan borí nínú ogun àgbáyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìnkùlé la ti máa ń bá ìyá yìí pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta. Èyí tó bá fọ́, ti ẹnu ọmọdé ni. Èékánná kò sí lórí àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Bí a bá bi í, á ní, "Àpá ogun nìyẹn."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọmọge ni. Òyìnbó ní kí wọ́n máa kó ẹ̀kùrọ́ wá: wọ́n ń fi epo rẹ̀ ṣe bọ́tà fún sójà, wọ́n sì ń fi ṣe ohun tó ń bú gbàmù nínú àdó olóró. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀kùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà, àmọ́ lásìkò yẹn, ẹ̀wà di opó. Níbi tí wọ́n ti ń pa á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni òkúta ti gé èékánná náà, kò sì hù mọ́.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tó lọ jagun ní Bọ́mà, a máa fi mẹ́dàlì sáyà wá bá wa. "Ìbọn la fi ṣẹ́gun, ìyàwó!"

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá ológun. Kí lẹ kì sẹ́nu ìbọn ọ̀hún, itọ́?"

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á nawọ́ sí ẹ̀kùrọ́. Ìyá á fa igbá sẹ́yìn: "Ẹ lọ fi mẹ́dàlì yín jẹ ẹ̀wà!"

Níjọ́sí, nínú basement wa ní Castleridge, nílùú òyìnbó níbí, ọmọ mi obìnrin ń ṣe poster fún ilé-ìwé: kí ló ń mú kí apá kan borí nínú ogun àgbáyé? Máàkì iṣẹ́ yẹn ló máa sọ bóyá yóò wọ kíláàsì àkànṣe tó ń lé. Ó ti kọ factory, epo rọ̀bì, ọkọ̀ ojú omi. Mo ní kó fi ẹ̀kùrọ́ kún un.

"Daddy, what's ẹ̀kùrọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí.

Ó ní, "But it's not in the textbook. My teacher will ask for a source."

"Source kẹ̀? Àtàǹpàkò ìyá bàbá mi ni source!"

"You can't cite a thumb, Daddy."

"Ẹni tó kọ textbook yẹn, ṣé ó pa ẹ̀kùrọ́ rí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, ó ya àtàǹpàkò kan tí kò léèékánná sáàárín poster, ó kọ "ẹ̀kùrọ́" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.

Tíṣà gé máàkì nítorí àtàǹpàkò tí kò ní source. Ó ní bó bá pa á rẹ́, òun á dá máàkì náà padà. Ọmọ mi délé, ó fi àpò sílẹ̀, ó ní, "Daddy, mi ò ní pa á rẹ́." Yorùbá ló fi sọ ọ́ o, ọmọ tó jẹ́ pé English ló fi ń kí mi láàárọ̀! Kò rí kíláàsì yẹn wọ̀. Poster náà ṣì wà lára ògiri wa.

Ayé ti yí. Nígbà tiwa, ẹ̀yìnkùlé la ti ń ka ìtàn. Níbí, snow ló bo ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí kò bá sì sí nínú ìwé, wọ́n á ní kò sí láyé. Èmi ò gbà. Ìbọn tí ẹnì kankan ò bọ́, igi lásán ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, àtàǹpàkò ta ló wà nílé tiyín tí ẹ ò tíì béèrè ohun tó ṣe é?