Ilé-Ìwé Tí Wọ́n Ti Ń Jẹ̀rora Lédè Òyìnbó

Òórùn ọ̀dà tútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí ilé-ìwé òyìnbó. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, ní Òṣogbo, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé bàbá mi láti Iléṣà wá sí sẹkitéríà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló so táì mọ́ mi lọ́rùn, ó so ó le débi pé díẹ̀ ló kù kí ojú mi yọ síta. Ó wá fà sẹ́yìn, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí. Ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, fìlà pupa lórí, nínú oòrùn Òṣogbo. Màmá mi, tó jẹ́ aránṣọ, gbójú sókè lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ilé-ìwé ni Fúnmi ń lọ ni, àbí Lọ́ńdọ̀nù?"

Bàbá mi dáhùn pé, "Ọ̀nà kan náà ni."

N kò ní parọ́ mọ́ bàbá mi, ó ní ìdí. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́, débi pé mo mọ orin tẹ̀ǹtẹ́ ju ìṣirò lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé ọ̀gbẹ́ni kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti bàbá mi níbi iṣẹ́ ní ọmọ ọlọ́dún márùn-ún tó ń fi imú sọ òyìnbó. Ta ló lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀? Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ẹni tó bá bẹ̀ wá wò pé, "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Kò béèrè ohun tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà. Kò béèrè ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Pátákó ẹnu ọ̀nà ló kà. "Intanáṣọ́nà" wà lára orúkọ ilé-ìwé náà, ọ̀rọ̀ sì parí. Ní gbogbo àkókò tí mo lò níbẹ̀, ọmọbìnrin kan láti Ìbòkun nítòsí wa níbí ni àjèjì ilẹ̀ òkèèrè kan ṣoṣo tí a ní.

Iwájú ilé náà ni wọ́n kùn, ó pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí òbí kì í dé, búlọ́ọ̀kù lásán ni, àti koríko, àti àwókù pákó. Ibẹ̀ la ti ń ṣeré ìdárayá.

Màdáámù tó ni ilé-ìwé fi òfin kan ṣoṣo lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fanákúlà. Fanákúlà ni wọ́n ń pe èdè tí ìyá wa fi bí wa, bí ẹni ń dárúkọ àrùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò gbé pátákó kan kọ́rùn, tí wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí lára, títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀ kó tó lè bọ́ ọ. Pátákó yẹn mọ ọrùn mi dáadáa. Nígbà tí ó pẹ́, mo rí ọgbọ́n kan dá: mo dákẹ́. Màdáámù kọ ọ́ sínú ìwé èsì mi pé mo ti ń tẹ̀síwájú gan-an.

Bàbá mi gbé òfin náà wọ ilé. Òyìnbó la gbọ́dọ̀ máa sọ lójú oúnjẹ. Màmá mi kò kàwé púpọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mi kò ju "wá", "jókòó" àti "jẹun" lọ. Obìnrin tó máa ń sọ ìtàn gbogbo àdúgbò fún mi bó ṣe ń ránṣọ! Ilé wa wá pa rọ́rọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ajé. Ìgbà kan péré ni màmá mi sọ̀rọ̀ síta. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo ohun tí ẹ ń kó kúrò nílé yìí o." Bàbá mi ní kó sọ ọ́ ní òyìnbó.

Ní sáà kẹta, Màdáámù kéde pé ọmọ tí kò bá gbé pátákó kọ́rùn ní gbogbo sáà náà ni yóò dúró níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ẹ̀bùn, tí yóò ka ewì òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn dé, èmi nìkan ni n kò tíì gbé e. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti dá aṣọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. A parí eré ìdárayá, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà mi tí mo tò sẹ́bàá òkìtì búlọ́ọ̀kù, nǹkan kan sì ta mí ní àtàǹpàkò bí iná. Mo fa ẹsẹ̀ yọ. Àkekèé dúdú kan jáde nínú bàtà náà, ó rọra ń lọ, ó gbé ìrù sókè, kò sì sọ fanákúlà kankan.

Mo sá tọ Àńtí kíláàsì wa lọ. Mo sọ ní òyìnbó pé nǹkan kan ti gé mi jẹ. Ó ní kí ni nǹkan náà. Mo la ẹnu, n kò rí orúkọ rẹ̀. Àkekèé wà lórí ahọ́n mi, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ṣùgbọ́n kò sí i nínú ìwé tí wọ́n kọ́ wa. Pátákó wà lọ́rùn ọmọ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wò ó. Mo ní èèrà ni, torí èèrà ni mo mọ̀ ní òyìnbó. Àńtí rẹ́rìn-ín. Ó ní èèrà kì í pa ènìyàn, kí n lọ jókòó.

Mo jókòó. Mo gbọ́ ẹ̀kọ́ òyìnbó náà tán pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń wú. Òógùn bò mí, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, ahọ́n mi ń kú tipiri. Nígbà tí mo bì sára ìwé mi, wọ́n gbé mi lọ sórí ẹní kan nínú yàrá ìkẹ́rùsí, tí wọ́n ń pè ní yàrá aláìsàn bí àlejò bá wà. Màdáámù yọjú, ó béèrè lédè òyìnbó ohun tó ṣe mí, mo sì tún fi òyìnbó dá a lóhùn pé èèrà ni.

Ìyá Rìsí ló gbà mí. Òun ló ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wa lákòókò ìsinmi, ìyá Mùsùlùmí kan tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Ó wá gbé abọ́ rẹ̀ nínú yàrá náà, ó sì rí mi. "Subuhánálláì! Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́?"

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi èdè yẹn bi mí léèrè ohunkóhun. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. Mo wá ké e tí gbogbo kíláàsì fi gbọ́: "Àkekèé ni! Àkekèé ló ta mí o!"

Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó pọ̀n mí, ó sáré jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó fi abọ́ ìrẹsì sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì dúró títí a fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́. Màmá mi dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó gbá mi mọ́ra, ó ń sọ Ìjẹ̀ṣà sí mi létí láìdánu dúró, bí ẹni tó ti ń kó o pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi mú mi lọ bá Màdáámù. Màdáámù yọ̀ mọ́ wa. "Ọmọ yín gbìyànjú, sà. Pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, kò sọ fanákúlà kan nínú kíláàsì. Ìyá olóúnjẹ yẹn ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n a ti kìlọ̀ fún un."

Bàbá mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ní Yorùbá, "Màdáámù, kí ni wọ́n ń pe àkekèé ní òyìnbó?"

Màdáámù wo àjà. Ó wo Àńtí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àńtí wo bàtà ara rẹ̀. Màdáámù ní, "Sà, àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ pọ̀."

Bàbá mi ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Ó dìde, ó tú táì lọ́rùn mi, ó ká a sápò. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó bi mí pé irú ilé-ìwé wo ni mo fẹ́. Mo ní èyí tí mo ti lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Iléṣà, sí ilé-ìwé àtijọ́ kan tí ìjọ kọ́. Ẹ má rò pé ọ̀run rere ni. Òrùlé ń jò, àwa mẹ́rin là ń jókòó lórí àga ẹni méjì, ẹgba tíṣà kò sì mọ ọmọ olówó yàtọ̀. Àwọn ọmọ fi mí ṣẹ̀sín títí ilé fi padà di ulé lẹ́nu mi bíi ti Ìjẹ̀ṣà, tí iṣu di uṣu. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá gbé nǹkan sókè, yóò kọ́kọ́ ní, "Kí la ń pè é nílé?" Lẹ́yìn náà ni yóò kọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ sójú pátákó. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òyìnbó gan-an, èyí tí mo fi ń jẹun lónìí.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, ní Òṣogbo náà. Ní ọdún tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kan. Mo ti béèrè gbogbo ohun tí bàbá mi kò béèrè, mo sì ti fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kò sẹ́ni tó lè tan èmi. Akọ̀wé obìnrin tó wà nídìí tábìlì, tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, "Mà, èdè wo ni ẹ ń sọ sí i nílé?" Àwọn òbí mìíràn tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń gbọ́.

Mo ní, "Òyìnbó."

Ọmọ mi, tí mo fi Yorùbá pariwo mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kó tètè wọ bàtà, yíjú wò mí. Akọ̀wé náà yìn wá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo jẹ́ rí yẹn, ọ̀rọ̀ ló wá tí kò rí. Èmi kò wá ọ̀rọ̀ kankan tì; Yorùbá wà lẹ́nu mi, mo kàn sẹ́ ẹ ni.